Èsì: “Ìdènà-ohùn” kọ́ ni orúkọ irin ọrùn jìtá

Láti Odògbólú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ fi ránṣẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kọ́ jìtá. Fún ẹni tí kò tíì rí i: wọ́n pe wáyà jìtá ní “okùn”, wọ́n sì ka èyí tó wà lókè, tó sún mọ́ ojú ẹni, sí okùn kìíní. Wọ́n pe irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá ní “ìdènà-ohùn”. Wọ́n pe ibi tí wáyà ti so mọ́ ikùn rẹ̀ ní “afárá”. Wọ́n ní “lílù” ni à ń lu jìtá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: “ìdènà” yìí kò tọ́ rárá, inú mi kò sì dùn pé ó ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ.

Kí ni irin náà ń dènà? Dí ọ̀nà ni dènà. Ẹni tó bá dènà de èèyàn, ó fẹ́ dá a dúró ni. Irin yẹn kò dá ohùn kankan dúró, ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìka bá tẹ wáyà mọ́ igi, wáyà á jókòó lórí irin tó wà níwájú ìka, apá tó kù láti orí irin náà dé ikùn jìtá ni yóò sì máa gbọ̀n. Bí apá yẹn bá ṣe kúrú sí ni ohùn á ṣe máa gòkè sí. Lórí jìtá tí wáyà rẹ̀ gùn ní mílímítà 650, irin kejìlá wà ní 325, ìdajì gééré. Ìdí nìyẹn tí ohùn ibẹ̀ fi jẹ́ ti wáyà tí a kò tẹ̀, àmọ́ tó ti gòkè láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè.

Ọ̀rọ̀ ló ń darí ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka sí “ìdènà kẹta”, orí irin kẹta ló máa gbé e lé. Ohùn á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ẹran ìka ti bo ibi tó yẹ kí wáyà ti máa gbọ̀n. Bí ẹ bá bá a wí, á fà sẹ́yìn títí á fi sún mọ́ irin kejì. Níbẹ̀, wáyà kò ní jókòó dáadáa lórí irin kẹta, á máa kùn bí eṣinṣin, ọmọ á sì rò pé agbára ló kù, á tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Ibi tó yẹ kí ìka wà ni inú àyè, ní ìhà orí jìtá, kó súnmọ́ irin débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án láìgùn ún. Níbẹ̀, títẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Nítorí náà nǹkan méjì ló ń wá orúkọ, ọ̀kan kọ́. Èmi á pe irin ní ìdábùú, nítorí ó dábùú ọrùn jìtá. Àyè tó wà láàárín ìdábùú méjì, ẹ jẹ́ kí á pè é ní ojú. Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Ojú ni à ń kó ọmọ ayò sí, kò sẹ́ni tó ń tò ó sórí igi tó la ojú kan sí èkejì. “Tẹ̀ ẹ́ lójú kẹta”: kò sí ọmọ tó máa gbọ́ èyí tó máa gbé ìka lé irin. Kí olùkọ́ sì sọ fún un pé àwọn ojú náà kò dọ́gba. Lórí jìtá 650 tí mo wí yẹn, ojú kìíní fẹ̀ tó mílímítà 36 àti ààbọ̀, ojú kejìlá kò ju bí 19 lọ.

Ewu kejì nínú “ìdènà” pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Egungun funfun tó wà lórí ọrùn jìtá, níbi tí wáyà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí, òun náà jọ ìdènà. Ọmọ á kà á sí ìdènà kìíní. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ to ohùn jìtá. Láti ìsàlẹ̀ ni èmi ń ka wáyà, màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá, orúkọ ohùn sì ni àwọn lẹ́tà tí mo fẹ́ dá yìí. Ẹ̀kẹfà, èyí tó nípọn jù, E ni. A ó tẹ̀ ẹ́ lójú karùn-ún, á dún A, a ó sì fa ẹ̀karùn-ún bá a. Ẹ̀karùn-ún lójú karùn-ún á dún D fún ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹrin lójú karùn-ún á dún G fún ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta nìkan ni a ń tẹ̀ lójú kẹrin, á dún B fún èkejì, lẹ́yìn náà èkejì lójú karùn-ún á dún E fún èkíní. Ẹni tó bá ń kọ dò-rè-mí nínú ẹgbẹ́ akọrin á mọ ìdí rẹ̀: láti wáyà kan sí èkejì, dò sí fà ni, àfi láàárín ẹ̀kẹta àti èkejì tó jẹ́ dò sí mí.

Ọmọ tó ti ka egungun sí ọ̀kan, ojú kẹrin ló máa tẹ̀ tó bá rò pé òun tẹ karùn-ún. G# ló máa gbọ́ dípò A, ẹ̀karùn-ún á wálẹ̀ ní ojú kan. Ẹ̀kẹrin tó fa bá a á wálẹ̀ ní ojú méjì, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta, èkejì ní mẹ́rin, èkíní ní márùn-ún. Nígbà tó bá fi dé ìsàlẹ̀, wáyà tó yẹ kó dún E á máa dún B, á rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí okùn tí a sá aṣọ sí. Ọmọ á ní jìtá ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ ló ṣì í lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí á pe egungun yẹn ní ìrọ̀rí: ọ̀dọ̀ orí ló wà, wáyà sì ń sùn lé e. Kò sẹ́ni tó máa ka ìrọ̀rí mọ́ ojú.

Ó wá kan “okùn”. Okùn ni a fi ń di ẹrù, òun ni a fi ń so ewúrẹ́. Ohun tí a fà le kó lè dún tàbí kó lè ju nǹkan nù, ọsán ni àwọn àgbà ń pè é. Ọsán ló wà lára ọrun ọdẹ. Wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí dùndún ká láti ojú kan dé èkejì, ọsán náà ni. Onílù á fún un mọ́ ìhà, ohùn á gòkè, á tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ohun tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ orí jìtá ṣe kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa: ọsán. Kí ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú ọrùn jìtá àti ọrun ọdẹ, àmì kan ló yà wọ́n.

Nípa “lù”: ta ni à ń ta jìtá. À ń ta ọfà, à ń ta ayò. Ìka tàbí ike pẹlẹbẹ mú ọsán, ó sì jù ú sílẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ gba orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá lẹ́ẹ̀kan, mo gbà kí á pè é ní gbígbá, gbígbá sísàlẹ̀ àti gbígbá sókè. Fífi àtẹ́lẹwọ́ lu ikùn jìtá wà lóòótọ́, ìyẹn nìkan ni lílù.

Afárá kò yẹ kó gba àkókò wa. Odò wo ni wọ́n ń kọjá níbẹ̀? Ìdí ọsán ni.

Kíkà láti òkè ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tún yẹ̀ wò. Òkè ti ojú ń rí àti òkè ti ohùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọsán tó wà lókè jù lọ ló ní ohùn ìsàlẹ̀ jù lọ. Gbogbo páálí ọsán tí a ń rà ló ń ka èyí tó tín-ínrín jù sí 1, èyí tó nípọn jù sí 6. Nínú páálí tó fúyẹ́ fún jìtá onígi, 1 jẹ́ .012, 6 jẹ́ .053 ní ìwọ̀n ínǹṣì. Ọmọ tó bá tẹ̀lé kíkà ẹ̀gbọ́n á gbé .053 lọ sí kòtò tín-ínrín lórí ìrọ̀rí, kò ní wọlé, bó bá sì fipá tì í, ìrọ̀rí lè là. Bí ẹ bá ń wá orúkọ tó tètè yé ọmọ, ẹ wo ìlù: ẹ̀kẹfà ni ìyá, èkíní ni omele.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin láti Ìpẹ́ru dé Ìjẹ̀bú-Òde ló mọ̀ ọ́n.

Láti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. Ti ìrọ̀rí tí ọmọ lè kà mọ́ ọn, o jàre mi, mo yọwọ́ “ìdènà” kúrò. Mo sì gba kíkà láti ìsàlẹ̀, torí ti páálí.

Ṣùgbọ́n n kò gba ọsán. Orí fóònù ni àwọn ọmọ yìí ti ń kà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ “osan”, ọsàn tí à ń jẹ ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, tàbí ọ̀sán tí oòrùn ń mú. Yàtọ̀ sí èyí, awọ ni ọsán tí àwọn bàbá wa mọ̀. Irin kọ́. Kò sí àgbà onílù kan ní Rẹ́mọ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé wáyà ni ọsán. Ìdábùú pàápàá, inú ìwé ìṣirò ni mo ti mọ̀ ọ́n, ìdábùú òbírí. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ru ìṣirò mọ́ orin ni?

Kí sì ló dé tí o ń kọ “jìtá”? Gìtá ni. Ohùn “g” ló wà níbẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé pé a ní ohun tí à ń ta kí jìtá tó dé. Ìlú Haruna Ishola nìyí, agídìgbo sì wà nínú àpàlà rẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè pe jìtá ní agídìgbo olókùn, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ìran wọn ti ń ta nǹkan tipẹ́?

Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan kún àkójọ yìí: èékánná. Ti ọwọ́ tó ń tẹ ọsán gbọ́dọ̀ kúrú dé ẹran, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka á dùbúlẹ̀, á sì pa ohùn ọsán tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú lọ, torí awọ orí ìka nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le.

Láti Odògbólú

Ẹ̀gbọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ èékánná yín ti wọlé. Agídìgbo kò wọlé. Ahọ́n irin tó wà lórí àpótí ni ẹ̀ ń ta nínú agídìgbo, ẹnì kan kì í sì í tẹ̀ ẹ́ lójú kankan kí ohùn rẹ̀ tó yí. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti Ìlíṣàn, mo dúpẹ́ pé ẹ yọwọ́ ìdènà. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tí ẹ sọ, okùn náà kò bọ́ níbẹ̀: “okun” láìsí àmì lè jẹ́ okùn, ó lè jẹ́ okun inú ara, ó sì lè jẹ́ òkun. Kí á kọ́ ọmọ láti fi àmì sí i ló kù. Ti awọ àti irin, mo ronú sí i. Ọsán irin àti ọsán ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) ni kí á pè wọ́n, torí ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ ra jìtá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà irin, tí .012 bẹ̀rẹ̀, ń fa ọrùn jìtá pẹ̀lú agbára tó lé ní kìlógíráàmù 70. Bí ẹnì kan bá gbé e sórí jìtá tí wọ́n kàn fún ọ̀rá, ìdí ọsán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára igi. “Okùn” kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ọmọ.

Jìtá ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta á, n kò ní yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn kan dán ọ̀rọ̀ wa wò, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lórí kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní E minor: “Fi ìka àárín tẹ ọsán karùn-ún lójú kejì, fi ìka òrùka tẹ ẹ̀kẹrin lójú kejì kan náà, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ọrùn jìtá. Ta ọsán kọ̀ọ̀kan láti ìyá dé omele. Èyí tó bá kú, wò ó bóyá ìka ti gun ìdábùú. Èyí tó bá ń kùn, sún ìka síwájú, sún mọ́ ìdábùú. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti dún, gbá wọn sísàlẹ̀ nígbà mẹ́rin.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi okùn yín sí i, kí ẹ fún ọmọ kan tí kò tíì di jìtá mú rí, kí ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ máa lọ.