Re: Ìṣọ̀kan kọ́ ni yógà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí àbúrò wa obìnrin tó wà ní London ti fi ojú ewé kan ránṣẹ́ síbí pé ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ máa kọ́ ní yógà (ẹ̀kọ́ ìnara, èémí àti ọkàn tó ti Íńdíà wá), àwọn tí ẹ̀yìn ń ro, tí oorun kì í kùn mọ́ lóru, ó sì fẹ́ kí ìwé tí yóò fi lé wọn lọ́wọ́ jẹ́ Yorùbá. Kàkà ká ka ìwé náà, orí àkọlé la dúró sí. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn ní kó pa "yógà" rẹ́, kó kọ "Ìṣọ̀kan" sí i. Pásítọ̀ wa ní "Àjàgà" ló pé. Ẹnìkan ní "Kára-ó-le". Mo fẹ́ sọ tèmi, nítorí "ìṣọ̀kan" yìí ń bí mi nínú.

Ẹ̀gbọ́n ní yuj ni gbòǹgbò yógà nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, pé ó túmọ̀ sí ká so nǹkan pọ̀, pé ara, ọkàn àti ẹ̀mí ló ń ṣọ̀kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá máa fi gbòǹgbò jà, ẹ jẹ́ ká hú u tán. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá gírámà Panini, àgbà onígírámà Sanskrit, rìn, yuj ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà fún ìsopọ̀. Òmíràn wà fún samadhi, ìyẹn kí ọkàn dúró sójú kan láìyẹsẹ̀. Èwo ni Patanjali, tó kó ẹ̀kọ́ yógà jọ ní ohun tó lé ní 1,500 ọdún sẹ́yìn, ń sọ? Ẹsẹ kejì ìwé rẹ̀ ló ti dáhùn: yogash chitta vritti nirodhah. Bí mo bá gbé e sí Yorùbá: yógà ni kíkó ìrìnkiri ọkàn níjàánu. Vyasa tó ṣàlàyé ìwé náà kò tilẹ̀ dúró de ẹsẹ kejì. Orí ẹsẹ kìn-ín-ní ló ti sọ pé yógà, samadhi ni. Níbo ni ìṣọ̀kan ti wọlé?

Àní ibi tí Patanjali ń kó wa lọ gan-an, ìpínyà ni. Kaivalya ló pè é: kí purusha, ẹni inú tó ń wòran, dá dúró gedegbe kúrò lára prakriti, ìyẹn ayé àti ara tó ń yí padà. Ọba Bhoja ti ìlú Dhar, tóun náà ṣàlàyé ìwé yìí ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, là á mọ́lẹ̀ pé ìyapa ni yógà níbí. Àwọn tó ń tẹ̀lé Vedanta, ẹ̀ka ìmọ̀ Hindu mìíràn, ni wọ́n fẹ́ràn ìtumọ̀ ìdàpọ̀, tiwọn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn nìkan ló wà. Nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, òrìṣà wọn Krishna sọ fún jagunjagun Arjuna níbì kan pé yógà ni kí ọkàn dọ́gba, yálà nǹkan yọrí sí rere tàbí kò yọrí. Kò pẹ́ sí i, ó ní yógà ni mímọ iṣẹ́ ṣe. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí gbogbo ihò yẹn fún mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ tó tọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Ẹ̀gbọ́n mú, àìlámì ló bò ó mọ́lẹ̀. "Isokan" lẹ kọ ránṣẹ́. Ṣe ọ̀kan, ìṣọ̀kan: dò-dò-re. Ṣọ́ ọkàn, ìṣọ́kàn: dò-mí-dò. Ṣọ́ ara ló fún wa ní ìṣọ́ra, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ọ̀nà kan náà ni ìṣọ́kàn gbà. Bí yuj ṣe jẹ́ ọ̀kan lójú tó sì ju ọ̀kan lọ nínú, bẹ́ẹ̀ ni "isokan" yín. Àwọn ará Íńdíà jókòó ti yuj tiwọn, wọ́n yà á sọ́tọ̀. Àwa tí Ọlọ́run fi ohùn jíǹkí, a kò fẹ́ fi àmì kan lé orí ọ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní gírámà nígbà náà, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ tuntun sára pátákó láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi imú kùn ún. Gbogbo kíláàsì á pa ẹnu dé, a ó máa kùn: hùn-hùn-hun, hùn-hún-hùn. Á ká ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, á dẹtí, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ méjì ni." Ẹ̀gbọ́n mọ bàbá yẹn, ọwọ́ rẹ̀ làwa méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yé mi bí ẹ ṣe lè máa kọ Yorùbá láìlámì síbí, kí ẹ ní fóònù ló fà á. Fóònù lèmi náà ń lò.

Ìyá Ìbejì béèrè ìdí tí kò fi lè jẹ́ "ìṣọ́yè", pé chitta (tí mo pè ní ọkàn lókè) sún mọ́ iyè ju ọkàn lọ. Ìyá wa, ó ṣeé rò, àmọ́ a ti ní ìsọ̀yè, oògùn àwọn tó ń kọ́ Ifá. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣọ́yè, àgúnmu ni yóò máa retí.

Ó wá ku àjàgà. Pásítọ̀ wa kò purọ́: yuj ti Sanskrit, iugum ti Látìn àti yoke ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń fi màlúù túlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ibẹ̀ ni àjàgà ti jẹ́ irin iṣẹ́. Àwa, ọkọ́ la fi ń roko. Létí tiwa, àjàgà jẹ́ ti ẹrú àti ti ìnira, a sì máa ń gbàdúrà pé kó já kúrò lọ́rùn wa. Ẹ fa Mátíù 11 yọ, pé "àjàgà mi rọrùn." Jésù ní láti sọ pé tòun rọrùn nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé àjàgà kì í rọrùn. Ìyá tí másùnmáwo ti mú lọ́rùn gan, ẹ fẹ́ kí àbúrò wa pè é pé kó wá gba àjàgà?

Ohun tí a ní nílé ni ìjánu. Ọ̀yọ́ gun ẹṣin jagun, a mọ ohun tí ìjánu ń ṣe lẹ́nu ẹṣin, a sì ti ń sọ pé kí ènìyàn kó ara rẹ̀ níjàánu kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ yógà. Ẹ lọ wo Katha Upanishad: ara ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwọn iyè ìmọ̀lára ni ẹṣin, òye ni awakọ̀, ọkàn sì ni ìjánu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́ wọn gan-an ló wà. Ìyẹn ni mo fi túmọ̀ nirodha sí kíkóníjàánu lókè, n kò wá a lọ jìnnà.

"Kára-ó-le" kò burú bí orúkọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ 195 tí Patanjali kọ (àwọn ẹ̀dà kan ka 196), mẹ́ta péré ló sọ nípa bí a ṣe ń jókòó tàbí dúró, èkíní nínú wọn kò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: sthira sukham asanam. Kí ìjókòó rẹ fìdí múlẹ̀ ṣinṣin, kó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Púpọ̀ nínú ìnara àti ìtẹ̀ba tí àwọn èèyàn mọ̀ sí yógà lónìí, ọwọ́ Krishnamacharya, olùkọ́ yógà kan, ló ti gba ìrísí tuntun, nígbà tó ń kọ́ni láàfin Mysore ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1930. Iyengar, Pattabhi Jois àti Indra Devi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni wọ́n gbé e káyé. Ara ń le níbẹ̀, lóòótọ́: ní 2017, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ka yógà mọ́ ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fi tọ́jú ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́, ká tó na ọwọ́ sí oògùn. Ṣùgbọ́n ibi tí ara ti le yẹn, ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́jọ Patanjali ni.

Àbúrò mi, mo wá bọ́ sí ìwé rẹ gan-an, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà fún ọ.

Ní ìlà tí o ti ń kọ́ wọn ní pranayama, ìyẹn bí a ṣe ń darí èémí, o kọ "ẹ darí imí yín." Jọ̀wọ́, pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Imí, re-mí, ohun tí à ń ṣe ní ṣálángá ni. Ìmí, dò-mí, lo ní lọ́kàn. Mo mọ̀ pé àmì kan ló bọ́, ṣùgbọ́n ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó bá ka ìyẹn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní padà wá. Kọ èémí. Prana wọn jẹ́ èémí, ó sì tún jẹ́ ohun tó mú wa wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí èémí àti ẹ̀mí tiwa ṣe jáde láti inú mí. Ayama sì jẹ́ nínà gùn. "Èémí gígùn" ti tó ọ, kò sí ẹni tí kò ní yé.

Sọ ìdí rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Bí a bá fa èémí sínú, ọkàn tó ń lù láyà á sáré díẹ̀. Bí a bá mí síta, á fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá ń mí síta pẹ́ ju bó ṣe ń fà á sínú lọ, ọ̀nà ìsinmi ló ń darí ara rẹ̀ sí. Kí wọ́n kà á lọ́kàn, mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta, láìfipá mú un. Bí ojú bá ń pòòyì, kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan níbẹ̀ tó yẹ kí o fi Yorùbá líle bò. "Másùnmáwo" tí o lò fún ohun tó ń dà wọ́n láàmú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Fún balasana, ìjókòó ọmọdé, o kọ "ẹ forí balẹ̀." Àlùfáà wa ti fi ìyẹn béèrè bóyá ẹ̀sìn lo ń kọ́ wọn. Nínú ẹ̀sìn Hindu ni yógà ti dàgbà, àwọn ẹlẹ́sìn Buddha àti Jain náà ní tiwọn, má fi pa mọ́ fún ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó forí balẹ̀, ó forí balẹ̀ fún ẹnìkan ni. Ẹni tó kúnlẹ̀, tó jókòó lé gìgísẹ̀, tó tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ kan ilẹ̀ ni. Kọ "ẹ jẹ́ kí iwájú orí yín kan ilẹ̀," kí o sì fi ìrọ̀rí síbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìdúró tí wọ́n ń fi orí dúró tí ẹsẹ̀ ń wo òkè, yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí ẹni tó ní gilakómà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àkọlé: "Yógà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀." Àwọn onígírámà wa kọ fáwẹ̀lì àti sílébù, ojú kò tì wọ́n. Fi ìṣọ́kàn, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, sí ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Ẹni tó ní "yóògà" ló yẹ ká máa kọ, bí a ṣe ń kọ fóònù, mo gbọ́ ọ, n kò gbà, a ó bára wa sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó ku shavasana, ìdùbúlẹ̀ tí wọ́n fi ń sinmi, tí Ẹ̀gbọ́n ní dandan ká pè ní "ìdùbúlẹ̀ òkú" nítorí òkú ni shava. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lè wo ojú ìyá yín, kí ẹ ní kí wọ́n sùn bí òkú? "Ẹ nà gbalaja" ni mo fi sí i. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù ú, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di Sátidé, ọjọ́ yẹn ni yóò tẹ ìwé náà.