Lórí "Aláìṣẹ́gun": oní- ló ba orúkọ náà jẹ́

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ Aparajito, fíìmù Íńdíà nì, sí "Aláìṣẹ́gun", mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Oní- tó wà níwájú àìṣẹ́gun ló di al- nínú aláìṣẹ́gun. Aláìgbọràn ni ẹni tí kì í gbọ́ràn. Aláìmoore ni ẹni tí kò moore. Aláìṣẹ́gun á jẹ́ ẹni tó jagun tí kò borí. Orúkọ náà lédè Bẹ̀ǹgálì kò wí bẹ́ẹ̀. A- iwájú rẹ̀ ni "kò". Parajito ni "ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun". Kì í ṣe pé Apu, ọmọ inú fíìmù náà, kò ṣẹ́ ogun. Ogun ni kò ṣẹ́ ẹ.

Ẹni tó ní "Ọlọ́run Àìmọ̀" wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 17:23, òótọ́ lẹ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ń sọ "ẹran àìsè". Ṣé ẹ rí oní- níbẹ̀? Ẹ gbé e síwájú àìmọ̀ wò, ó di aláìmọ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan.

"Aláìṣeéṣẹ́gun" tí àbúrò kan dábàá sàn jù ú lọ, àmọ́ ṣeé yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ wo ìparí fíìmù 1956 yìí dáadáa. Òru ni Apu fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Kolkata kó lè rí ilé ìwé lọ, oorun á sì máa gbé e nínú kíláàsì. Ìgbà tó fi délé, Sarbajaya ìyá rẹ̀ ti kú. Ó jókòó sídìí igi, ó sunkún títí. Ó wá di ẹrù rẹ̀. Bhabataran, bàbá àgbà ilé náà, bi í pé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ní ìdánwò, Kalighat, ibi tẹ́ńpìlì Kali wà ní Kolkata, lòun ó ti ṣe é. Ó gbé ẹrù, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ẹni tí ogun kò tíì ṣẹ́ nìyẹn. Nínú fíìmù kẹta lórí ìtàn Apu, ti 1959, Aparna ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, Apu sì pa ọmọ tì fún ọdún bíi márùn-ún. Díẹ̀ ló kù kó ṣẹ́. Ẹ ò wá lè sọ pé kò ṣeé ṣẹ́.

Ti àwọn tó ní ká má túmọ̀ orúkọ fíìmù rárá, n kò gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Atẹ̀máṣẹ́ ni tèmi. Ó tẹ̀ bí ọparun, kò ṣẹ́. Ṣẹ́ tó wà nínú ṣẹ́gun gan-an ni. Ohùn àárín ni a- rẹ̀, bíi ti apẹja àti akọ̀wé, torí olùṣe là ń sọ.  Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ ní à-: àṣemáṣe, àwítúnwí, ìṣe ni ìyẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe ènìyàn.