Ṣíbí wo lẹ fi wọn iyọ̀? Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ àti ṣúgà, káún àti pọtásíọ̀mù lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ọmọdé

Ẹ kú ilé o. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ìyá rẹ̀ ni pé, "Ṣé ẹ ti fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà?" Ọ̀pọ̀ wọn á ní àwọ́n ti fún un. Ìbéèrè kejì ló máa ń dá ọ̀rọ̀ rú: "Ṣíbí wo lẹ fi wọ̀n ọ́n? Omi yẹn tó mélòó?" Ẹnì kan á ní ìgò kóòkì méjì, ẹlòmíì á ní ife kan, ẹlòmíì á ní òun kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni.

Ìgò kóòkì yẹn gan-an ló fa púpọ̀ nínú àṣìṣe náà. Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá wa láyé ọjọ́un ni omi ìgò bíà kan, tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kékeré méjì, tí í ṣe 600 mílílítà. Ṣúgà onígun, hóró márùn-ún, tàbí ṣíbí mẹ́wàá. Àti iyọ̀ ṣíbí kan. Ṣíbí tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà ni ṣíbí kékeré tó ń gba mílílítà 3. Ṣíbí ìrotíì tó wọ́pọ̀ nílé ń gba 5. Ẹni tó bá fi ṣíbí oní-5 bu iyọ̀ kan sínú 600 yẹn, iyọ̀ rẹ̀ ti fi ohun tó ju ìdajì lọ lé sí iye tó yẹ. Ẹni tó sì bá lo ike oní-50cl méjì, omi rẹ̀ ti di odindi lítà kan. Ìgò yí padà, ṣíbí yí padà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún nìkan ni kò yí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìgò. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ jọ́ọ̀gì. Ẹ da píọ̀ wọ́tà méjì sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ara ọ̀rá rẹ̀ bóyá 50cl ni wọ́n kọ síbẹ̀. Méjì irú rẹ̀ ni lítà kan. Ẹ mú ṣíbí ìrotíì oní-5, ẹ bu ṣúgà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló kàn, ìdajì ṣíbí péré. Ìdajì yìí ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn: ẹ bu ṣíbí kan tó tẹ́jú, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ là á sí méjì lóòró, kí ẹ gbọn apá kan padà sínú ike iyọ̀. Ẹ rò ó títí hóró kankan kò fi ní kù nísàlẹ̀.

Ẹ tọ́ ọ wò kó tó kan ọmọ. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omi ojú lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Ẹ má ní ẹ ó bu omi là á, nítorí ẹ ò mọ iye tí ẹ fi ṣìṣe. Ẹ má sì gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó tán: omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀. Iyọ̀ àpọ̀jù kì í ṣeré nínú ọmọdé. Ó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ, gìrì ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Tó bá ti pé wákàtí 24, kódà bó ṣì kù ìdajì jọ́ọ̀gì, kí ẹ dà á nù.

Bí a ṣe ń fún un náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 2 sí 10 á mu 100 sí 200. Bí ojú bá ti jìn wọnú, tó ń fi ìwọra mu omi, tí awọ ikùn tí a fà sókè kò tètè padà, ilé ìwòsàn ni kó ti mu ún, mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 4. Ọmọ kílò 8 á gba 600. Àwọn ìyá á lanu: "Nọ́ọ̀sì, gbogbo èyí?" Ẹ ṣírò ó: 150 ní wákàtí kan, ìyẹn ṣíbí ìrotíì kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ gbé aago fóònù síwájú kí ẹ máa bù ú. Tí ẹ bá da ife kan lé e lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, yóò bì í, ẹ ó sì ní omi náà kò bá a lára mu. Bó bá bì, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ọmú má dúró rárá.

Apòògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Mo fẹ́ fi ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní ORS, kún un, torí àwọn èèyàn rò pé iyọ̀ àti ṣúgà kan náà ni wọ́n di sí ọ̀rá tí wọ́n sì ń tà.

Láti ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dín iyọ̀ àti ṣúgà inú ORS kù sí bó ṣe wà báyìí. Nínú sáṣẹ́ẹ̀tì oní-lítà-kan, iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 2.6, glúkóòsì 13.5, pọtásíọ̀mù kíláráìdì 1.5, sítíréètì 2.9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 20.5. Èyí tí a pò nílé kò ní pọtásíọ̀mù, kò sì ní sítíréètì tó ń tún kíkan ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ìgbẹ́ gbuuru sì ń kó pọtásíọ̀mù lọ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ikùn ọmọ fi lè wú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ọrùn rẹ̀ á rọ. Ti ilé wà fún ìgbà tí kẹ́míìsì bá jìnnà tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ORS bá wà, òun ni kí ẹ lò.

Ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe torí kó lè dùn. Lára ògiri ìfun ni àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, kì í dá gbà kọjá. Àfi kí òun àti glúkóòsì jọ wọlé, sódíọ̀mù méjì pẹ̀lú glúkóòsì kan. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Májèlé onígbáméjì máa ń mú kí ìfun tú omi jáde bí ẹ̀rọ omi tó já, ṣùgbọ́n kì í ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́. Ohun tí àwọn olùwádìí rí lò ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh òde òní, lọ́dún 1968 nìyẹn, òun náà ni oníṣègùn Dilip Mahalanabis sì gùn lé ní àgọ́ àwọn asásálà ní Bangaon, ní Íńdíà, lọ́dún 1971, nígbà tí omi dírípù tán tí onígbáméjì ń pa èèyàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iyọ̀, glúkóòsì, omi, àwọn ẹbí aláìsàn ló ń fún wọn mu. Ikú já wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀kùn yẹn lè gbà lọ, inú ìfun ló máa dúró sí, á sì máa fa omi láti inú ara wá bá ara rẹ̀. Ìgbẹ́ á wá le sí i. Ìdí tí kóòkì àti mọ́ọ̀tì kò fi dára fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìndòdò tó wọ́pọ̀ ń kó nǹkan bí gíráàmù 100 ṣúgà sínú lítà kan, ORS kò sì ju 13.5 lọ. Sódíọ̀mù inú ẹlẹ́rìndòdò náà kò tó nǹkan.

Àṣìṣe tí à ń rí lórí káńtà: wọ́n á pín sáṣẹ́ẹ̀tì sí méjì kó lè tó ọjọ́ méjì. Èròjà inú rẹ̀ kò pò mọ́ra dọ́gba, ó lè jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù ní apá kan. Ẹ pò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka ara ọ̀rá náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún lítà kan. Ẹ má po ó mọ́ mílíìkì tàbí omi èso, ẹ má sì fi ṣúgà kún un pé kò dùn.

Síǹkì, oògùn tí a ń fún ọmọ pẹ̀lú ORS, wá ńkọ́? Mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ fi oníhóró tó ń yọ́ sínú ṣíbí tó ní omi díẹ̀ tàbí omi ọmú, ẹ má gbé e fún un ní odindi. Ọjọ́ kẹta tí ìgbẹ́ bá ti gan ni ọ̀pọ̀ máa ń jáwọ́. Ọjọ́ tó kù yẹn ló ń tún ara ìfun ṣe, tí ìgbẹ́ náà kò fi ní tètè padà wá. Bó bá bì í láàárín ìdajì wákàtí, ẹ fún un ní òmíràn.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ọmọdé

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbàgbé ohun kan: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tàbí tó rù kan egungun, ẹ má dúró po nǹkan kan fún un nílé. Sódíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó yàgbẹ́, pọtásíọ̀mù rẹ̀ sì ti tán. ORS tirẹ̀ yàtọ̀, ilé ìwòsàn ló wà. Ẹ sáré gbé ọmọ tí àwùjẹ rẹ̀ ti jìn wá pẹ̀lú, tàbí èyí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, èyí tí kò lè mu omi mọ́, èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ní láti fa omi sí i lára.

Onímọ̀ oúnjẹ, kíliníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbé e sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, torí níbẹ̀, sódíọ̀mù kan náà ló di ọ̀tá. Ẹ ó rí màmá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ti ju ike iyọ̀ nù, tí ìfúnpá rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Ẹ bi í ohun tó fi se ewédú: káún. Kí ló fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀? Káún. Orúkọ òyìnbó tí a ń pè é, pótáàṣì, ló ń tan èèyàn jẹ tí wọ́n fi rò pé pọtásíọ̀mù ni. Káún tó ń wá láti apá adágún odò Chad, sódíọ̀mù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní adùn iyọ̀, ahọ́n kò ní dá a mọ̀. Ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já dáadáa á yọ̀ láìsí káún. Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú, tí a da omi rẹ̀ nù, á rọ̀.

Mágì náà ń bẹ níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì hóró kan ló jẹ́ iyọ̀. Ẹni tó fi mẹ́rin, gíráàmù 4 ọ̀kọ̀ọ̀kan, se ọbẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù 2 iyọ̀ kí ike iyọ̀ tó ṣí. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ àgbàlagbà lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó 5. Èyí tó bá kù tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀, kó jẹ́ aláyódíìnì nítorí gẹ̀gẹ̀, nínú ike olómorí tí oòrùn kò pa. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jiná ni kí ẹ fi sí i, iná ń lé áyódíìnì lọ.

Kí ẹ tó ra iyọ̀ tí wọ́n ní ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà yín nípa kíndìnrín. Pọtásíọ̀mù kíláráìdì ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ̀mù nínú púpọ̀ irú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ láàbù

Ibi tí ẹ dé yẹn gan-an ló kan àwa. Pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò láàárín mílímóòlù 3.5 sí 5.0 nínú lítà kan, nínú èsì E and U, ìyẹn àyẹ̀wò àwọn èròjà iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín. Oògùn ìtọ̀ bíi furosemide máa ń fà á wálẹ̀: pajápajá lóru, itan tó rẹ̀, ọkàn tó ń lù ségesège. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti omi àgbọn á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril àti spironolactone ń gbé e sókè, kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ kì í sì lè tú u dànù. Omi àgbọn tó wo ti ẹni àkọ́kọ́ sàn lè dá ọkàn ẹni kejì dúró. Bí dókítà bá sì ń fún aláìsàn ní pọtásíọ̀mù tí kò gòkè, ẹ yẹ magníṣíọ̀mù wò. Bí òun bá ti kéré, kíndìnrín kò ní dá pọtásíọ̀mù dúró. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀mùtí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tètè gba nọ́ńbà ńlá gbọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ni pọtásíọ̀mù ara ń gbé, díẹ̀ ló wà níta. Bí a bá di okùn mọ́ apá pẹ́, tí a ní kí aláìsàn máa pa ọwọ́ dé kó máa ṣí i, tàbí tí a fi abẹ́rẹ́ tíńrín fa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára, sẹ́ẹ̀lì á jò tàbí kó bẹ́, pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ á dà sínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí tábìlì láti òwúrọ̀ tí wọn kò yà sọ́tọ̀ títí ọ̀sán náà á fi èsì gíga hàn. Ẹ wo omi tó léfòó lórí ẹ̀jẹ̀ náà tí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ yí i tán: bó bá pọ́n bíi sóbò, kò ṣeé lò fún pọtásíọ̀mù. Bí èsì bá jáde ní 6.8 fún ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìlù ọkàn fún un lójú ẹsẹ̀, kí a sì tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti apá kejì, láìdi okùn.