Àwo fusion wo ló yẹ kí ọmọ techno kọ́kọ́ gbọ́?

Etí-ò-kún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Techno àti house, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ni mò ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Jáàsì kì í wọ̀ mí lára: wọn á bẹ̀rẹ̀ orin dáadáa, ẹni tó ń fọn saxophone á wá gbà á, kò sì ní dá a padà mọ́. Ẹnìkan ní kí n wá jáàsì tí wọ́n ń pè ní fusion, èyí tí wọ́n pò mọ́ rock àti funk. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀, tí ìlù ò sì sinmi, ni mo fẹ́.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì: Head Hunters ti Herbie Hancock, atẹ-dùùrù jáàsì, 1973. Ó parí. Béèsì tó bẹ̀rẹ̀ "Chameleon" yẹn, kì í ṣe gìtá o. Synthesizer ni, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin, ARP Odyssey lorúkọ rẹ̀, Herbie fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló ń yí po, orin náà sì lé ní ìṣẹ́jú 15. Ìwọ tí o ń jó house mọ́jú, o ò lè sọ pé ó gùn jù.

Ìlù-ò-sùn: Bàbá, ẹ ṣé, àmọ́ èyí ti rọ̀ jù fún ọmọ techno. Sextant ni kó gbọ́, Herbie náà ni, 1973 náà ni, òun ló ṣáájú Head Hunters. Patrick Gleeson ló wà nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí "Rain Dance" bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó, mo rò pé ẹ̀rọ mi ló ti bàjẹ́. Àwo náà ò fi bẹ́ẹ̀ tà, owó ẹgbẹ́ sì ń wọ́n, ni Herbie bá tú wọn ká.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì: Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ odò wíwẹ̀, òkun lo fẹ́ sọ ọ́ sí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fìjà sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Etí-ò-kún, lọ gbọ́ In a Silent Way ti Miles Davis, 1969. Wọ́n lu orin tán ní sítúdíò, Teo Macero, tó ń bá Miles ṣe àwo, wá mú abẹ ti téèpù. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́. Apá tó bẹ̀rẹ̀ orin, òun náà ló tún lẹ̀ mọ́ ìparí. Ohun tí ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní loop, abẹ ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà yẹn. Tí mo bá ń dirun fún àwọn ọmọ, òun ni mo máa ń gbé sí i.

Etí-ò-kún: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé saxophone wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó wà, Wayne Shorter ló ń fọn ọ́. Ṣùgbọ́n á kí ọ, á sì kọjá lọ.

Ọmọ Àyàn: Ẹ ti gbàgbé ilé! Tony Allen, ọmọ Èkó, tó lùlù fún Fẹlá, òun àti Jeff Mills, DJ techno ti Detroit, ni wọ́n jọ ṣe Tomorrow Comes the Harvest ní 2018. Jeff dúró ti TR-909, ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, Tony jókòó ti ìlù tirẹ̀. Ẹ fetí sí i bí ẹ ṣe ń fetí sí dùndún: ẹ̀rọ ni omele, ó di ọ̀nà mú, Tony ni ìyáàlù, òun ló ń sọ̀rọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú ní Paris. Mo mọ̀ pé kì í ṣe fusion ayé 1973, ẹ má bá mi jà.

Ìlù-ò-sùn: Èmi ò jà. Mahavishnu Orchestra, ẹgbẹ́ fusion onígìtá tí ẹnìkan máa tó dárúkọ, ni mo fẹ́ bá jà. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò, àmọ́ gìtá yẹn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bá ń wá ìlù tó ń yí po, kó fi wọ́n dẹ̀yìn.

Etí-ò-kún: Mo gbọ́ Sextant láàárọ̀ yìí lọ́nà ibi iṣẹ́. Ohùn ń jò jáde létí mi, ni màmá tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì bá ní ṣé fóònù mi ò ti bàjẹ́. Ó di alẹ́ kí n tó gbọ́ "Chameleon". Bàbá, ẹ má bínú.