Láti ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé àga ọ̀gá àgbà owó orí fóònù: ọ̀nà wo ló dájú?

Ọmọ_Òpó

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi kò gùn. Ẹnjiníà tó ti lo ọdún mẹ́jọ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, tó mọ USSD (kóòdù oníràwọ̀ tí à ń tẹ̀ lórí fóònù), SMS, HLR (àkójọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ síìmù oníbàárà kọ̀ọ̀kan) àti bí kóòdù kúkúrú ṣe ń ṣiṣẹ́, tó wá ń fẹ́ darí ẹ̀ka owó orí fóònù (mobile money, owó tí èèyàn ń tọ́jú, tó sì ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù) láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, níbo ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kó kọ́kọ́ lọ gba MBA ni? Ṣé kó fi ilé iṣẹ́ tó wà sílẹ̀ lọ sí báǹkì? Èwo nínú ohun tó mọ̀ ló máa wúlò fún un níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa fínnífínní, pàápàá ohun tó máa ń gbé àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣubú bí wọ́n bá débẹ̀.

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tó ń gbé wọn ṣubú kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n rò pé ọmọ ìyá kan náà ni owó orí fóònù àti rẹ̀chájì. Bí ẹ̀rọ bá ṣàṣìṣe tó fún oníbàárà ní owó ìpè 500 tí kò rà, ìṣẹ́jú ìpè ara rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi tọrẹ. Bí ẹ̀rọ bá fi 500 kún àpò owó oníbàárà láìtọ́, gbèsè ni ilé iṣẹ́ jẹ, torí oníbàárà náà lè rìn lọ bá aṣojú (ẹni tó ń gba owó wọlé, tó sì ń san owó jáde fún oníbàárà) lójú ẹsẹ̀ kó gbà á ní owó gidi.

Nítorí náà, lẹ́jà, ìyẹn ìwé ìṣirò tó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ni kẹ́ ẹ kọ́ ṣáájú MBA. Òfin rẹ̀ ò pọ̀: gbogbo owó tó wà nínú àpò oníbàárà, àpò aṣojú àti àpò oníṣòwò, bí a bá pa á pọ̀, gbọ́dọ̀ bá owó tó wà nínú àkáǹtì tí báǹkì fi ń tọ́jú owó oníbàárà mu, láìku ẹyọ kan. Bí oníbàárà bá gbé 10,000 fún aṣojú, kò sí owó tuntun tó wọ inú ẹ̀rọ. Àpò aṣojú dín ní 10,000, ti oníbàárà lé ní 10,000, owó gidi sì wọ dúrọ́ọ̀ aṣojú. Ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì báǹkì náà nìkan ló tọ́ kí owó orí ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá lè ya èyí sórí bébà fún ìgbìmọ̀ olùdarí láàárín ìṣẹ́jú méjì kò tíì tó ẹni tí à ń fi ẹ̀ka yẹn lé lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ìmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ̀rọ yín rán ìbéèrè 0200 sí báǹkì lórí ISO 8583, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìsanwó. Báǹkì yọ owó, ó fi 0210 dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà sọnù lọ́nà, tàbí kó dé lẹ́yìn tí dídúró ti sú ẹ̀rọ yín. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ó kùnà, oníbàárà tún tẹ̀ ẹ́, owó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti SMS wá á ní kí ẹ̀rọ máa tún ìbéèrè rán títí yóò fi wọlé, torí pé bí wọ́n ti ń ṣe é fún SMS nìyẹn. Ẹ má dán an wò níbi owó. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo ni ìsanwó kan gbọ́dọ̀ ní, kí báǹkì lè kọ̀ ọ́ bó bá rí i lẹ́ẹ̀kejì. Ìsanwó tí èsì rẹ̀ kò dé gbọ́dọ̀ wà ní ipò "a kò tíì mọ̀", kó má ṣe wà ní "ó kùnà". Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ máa rán 0420, tó ń tọ́ka sí 0200 tàkọ́kọ́ gan-an, láti dá owó padà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ tọrọ oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, nínú ikọ̀ tó ń mú ìṣirò dọ́gba. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi fáìlì mẹ́ta wé ara wọn: ti ẹ̀rọ owó fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ báǹkì, àti fáìlì settlement (èyí tó ń sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san fún ẹnì kejì) láti ọ̀dọ̀ switch, ẹ̀rọ tó ń gbé ìsanwó láàárín àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wé, lẹ́yìn náà iye owó, lẹ́yìn náà àkókò. Púpọ̀ nínú ohun tí kì í bá ara mu ló ń wá látinú aago: ẹ̀rọ yín ń ti ojúmọ́ ní 23:59, switch lè ti ti tirẹ̀ ṣáájú, ìsanwó àárín ìgbà náà yóò sì hàn ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn á tún ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kejì. Èyí tó yẹ kó lé oorun lójú yín ni ohun tó ti kọjá ọjọ́ méje tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé.

Olórí_Aṣojú

Alákọsílẹ̀ ti sọ ti inú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìta, torí ìta ni iṣẹ́ yìí ti ń yè tàbí kú.

Ẹ kà nípa bí M-Pesa, owó orí fóònù ti Kẹ́ńyà, ṣe bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà á bí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Nick Hughes àti Susie Lonie ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Vodafone ló wà nídìí rẹ̀, ìjọba Bìrìtìkó sì bá wọn dá sí owó ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Kẹ́ńyà ní 2005, sísan owó yíyá ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ayánilówó kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tí wọ́n fún lò wá ń lò ó láti fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn. Wọ́n yọ apá owó yíyá kúrò, wọ́n sì fi fífi owó ránṣẹ́ nìkan jáde ní Safaricom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Kẹ́ńyà, ní oṣù Kẹta 2007. Kí olórí lè rí ohun tí oníbàárà fi ọjà ṣe, kó sì gé ohun tó kù dànù, iṣẹ́ àga yẹn gan-an nìyẹn.

Ẹ tún kà nípa ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Vodacom ní Gúúsù Áfíríkà: wọ́n gbé M-Pesa jáde níbẹ̀ ní 2010, wọ́n pa á tì ní 2016. Orúkọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ tó ti ní àkáǹtì báǹkì pọ̀ gan-an, wàhálà tí M-Pesa yanjú ní Kẹ́ńyà kò sì tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Bí wọ́n bá fi ipò lọ̀ yín ní ọjà tuntun, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni kò tíì rí ọ̀nà gbówó níbẹ̀, kí ló sì ń lò báyìí dípò rẹ̀.

Ní ti aṣojú, ohun méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹni mowó. Àkọ́kọ́ ni float. Aṣojú nílò owó orí ẹ̀rọ láti gba owó wọlé fún èèyàn, ó sì nílò owó gidi láti san fún ẹni tó fẹ́ gbà. Aṣojú tí ìlú rẹ̀ ń gba owó láti òkè òkun tàbí láti ìlú ńlá yóò máa ní owó orí ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, owó gidi á tán. Ti ìlú ńlá yóò rí òdìkejì. Bí aṣojú bá sọ "owó ti tán" fún oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹta, oníbàárà náà kò ní padà, kò sì ní bínú sí aṣojú, ẹ̀yin ni yóò bínú sí. Nítorí náà, iye wákàtí tí aṣojú fi wà láìní float lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má fi iye aṣojú tẹ́ ẹ ti forúkọ wọn sílẹ̀ yangàn.

Èkejì ni kọmíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ní ìpele rẹ̀ rí báyìí: owó tí kò ju 5,000 lọ, aṣojú gba 10, láti 5,001 dé 20,000, ó gba 20. Oníbàárà gbé 20,000 wá. Aṣojú pín in sí 5,000 lọ́nà mẹ́rin, ó gba 40. Kò rú òfin ẹ̀rọ kankan, ẹ̀yin lẹ ṣe òfin tó bí i. Ẹ máa wá oníbàárà kan náà lọ́dọ̀ aṣojú kan náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọgbọ́n mìíràn wà: oníbàárà á ní kí aṣojú fi owó náà tààrà sí nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, kí òun má baà san owó ìfiránṣẹ́. Ẹ̀yin san kọmíṣọ̀n, ẹ ò gba nǹkan kan. Bí wọ́n bá gba owó náà jáde níbi tó jìnnà gan-an láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó wọlé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ojú_Òfin

Díẹ̀ ni tèmi. Nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nìkan lẹ mọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wọ ẹ̀ka owó, báǹkì àpapọ̀ náà di ọ̀gá yín, kì í sì í bá èèyàn ṣe àwàdà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ náà, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Owó oníbàárà kì í ṣe owó ilé iṣẹ́: ẹ kò lè fi san owó oṣù, ẹ kò lè fi ra òpó, kódà fún ọjọ́ kan.

Jìbìtì tó tóbi jù, láti inú ilé ló ń wá: ẹnì kan dá owó sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ láìsí pé kọ́bọ̀ wọ báǹkì. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn méjì, láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí "àkáǹtì alábòójútó" kan tó lè ṣe méjèèjì. Ẹnjiníà ló sábà máa ń ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀ka náà.

Ibi tí ìmọ̀ yín ti máa gbà yín là: pípààrọ̀ síìmù. Ọ̀daràn gba nọ́ńbà ẹlòmíì sórí síìmù tuntun, ó sì yí PIN padà. HLR mọ̀ pé IMSI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú síìmù, ti yí. Bí ẹ̀rọ owó bá ń bi HLR léèrè kó tó san owó, tó sì rí i pé IMSI kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, ó lè dá yíyí PIN àti fífi owó ńlá ránṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Báǹkì kò lè rí èyí fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní in.

Ọmọ_Òpó

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó kù síbi MBA àti ìṣirò èrè. Kí ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ka yìí ń wò lóṣooṣù tí ọ̀gá tẹlifóònù kì í wò? Ṣé kí èèyàn kúrò nílé iṣẹ́ tó wà ni àbí kó dúró?

Aṣírò_Èrè

Ọ̀gá tẹlifóònù ń wo ARPU (owó tí oníbàárà kan ń mú wọlé), iye oníbàárà tó ń já lọ, EBITDA (èrè kí a tó yọ èlé, owó orí ìjọba àti ìdínkù iye ohun ìní) àti owó tó ń lọ sórí ẹ̀rọ. Bó bá fi ojú yẹn wo owó orí fóònù, yóò pa á. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹnì kan fi 1,000 sí àpò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ san 3 fún aṣojú. Ó fi ránṣẹ́, ẹ gba 5. Ẹni tó gbà á lọ gbà á jáde, ẹ gba 12, ẹ san 7 fún aṣojú. Owó tó wọlé jẹ́ 17, aṣojú kó 10, ó ku 7. Ẹ wá ní kí ẹni tó gbà á má gbà á jáde, kó fi ra ọjà, kí oníṣòwò san 5. Owó tó wọlé jẹ́ 10, aṣojú kó 3, ó ṣì ku 7. Ẹni tó ń wo owó tó wọlé á pariwo pé ọjà ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò yóò fi 1,000 náà sanwó fún ẹni tó ń kó ọjà fún un, kò sì sí kọmíṣọ̀n aṣojú kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè wà. Ohun tó sòro jù nínú iṣẹ́ àga yẹn ni kí èèyàn yí ìgbìmọ̀ lọ́kàn padà kí wọ́n lè fara da oṣù tí owó tó wọlé dín kù.

Ìjà kan tún ń dúró dè yín: owó USSD àti SMS tí ẹ̀ka tẹlifóònù yóò máa bù lé yín lórí, àti rẹ̀chájì tí wọ́n ń tà lórí àpò yín. Rẹ̀chájì yẹn ń gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ kọmíṣọ̀n alágbàtà. Àkọọ́lẹ̀ ta ni èrè náà ń lọ? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó gba ipò.

Níbi tí ẹ ti ju oníbáǹkì lọ: ẹ mọ̀ pé ojú ewé USSD kan kò gbà ju lẹ́tà 182 lọ, nítorí náà ẹ mọ ìdí tí àtòjọ gígùn fi ń pa ìsanwó. Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ní 99.9%, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 ni kò fi ṣiṣẹ́ lóṣù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ owó oṣù ni ìṣẹ́jú 43 yẹn bọ́ sí, àpapọ̀ oṣù kò sọ òtítọ́ kankan fún yín.

Lórí MBA: ó wúlò, kì í ṣe òun ni ilẹ̀kùn. Ralph Mupita kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ní MBA, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín: ó darí ẹ̀ka àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè ní Old Mutual, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àti ìdókòwò, ó wọ MTN ní 2017 gẹ́gẹ́ bí olórí ìṣúnná, ó tó di ọ̀gá àgbà ní oṣù Kẹsàn-án 2020. Owó ẹlòmíì ló ti ń ṣọ́ kó tó dé ìdí tẹlifóònù.

Mi ò ní kẹ́ ẹ kúrò báyìí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi ìṣirò tí Alákọsílẹ̀ sọ, kẹ́ ẹ gba ọjà kan ṣoṣo láti darí fún ọdún méjì, bíi sísan owó iná tàbí fífi owó ránṣẹ́ sí báǹkì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá agbègbè kan tí aṣojú, owó tó ń wọlé àti àdánù rẹ̀ wà lọ́rùn yín. Bí ilé iṣẹ́ yín kò bá gbà kẹ́ ẹ ní èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ wá ibòmíràn.

Ojú_Òfin

Kí n fi ẹyọ kan kún un lórí ìwé àdéhùn. Ẹ rí i pé olórí ẹ̀ka ewu ń jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ olùdarí tààrà, kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló ń jábọ̀ fún. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má ṣèyọnu, ẹ béèrè kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìdọ́gba oṣù mẹ́ta tó kọjá hàn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.