Oníṣòwò tó fẹ́ lọ ṣe aṣòfin l'Ákùúrẹ́: kí ló ń jẹ́ kí sáà kan tètè tán?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Oníṣòwò kòkó kan níbí l'Óǹdó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin. Orúkọ rẹ̀ dára lọ́jà. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni kó má lò ju sáà kan lọ, kí òwò náà sì ti dẹnu kọlẹ̀ kó tó padà wálé. Kí ló yẹ kó tún ṣe ṣáájú?

Alágbàká:
Ẹ jẹ́ ká mú ti òwò ṣáájú. Ìwé òfin ọdún 1999 kò gba kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú ní kíkún máa darí òwò tirẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Oko kòkó, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Kéèyàn máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kó gbé e lórí òṣùwọ̀n, kó dì í ránṣẹ́ s'Ékòó, òwò nìyẹn.

Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀), òun àti òwò náà kò ṣeé yà. Kó sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì (òfin ọdún 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀), kó fa ìdarí lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kí ìbuwọ́lù rẹ̀ sì kúrò ní báńkì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìwé onídùúró. Èèyàn á kúrò nípò olùdarí, ìwé tó fi ṣe onídùúró ẹ̀yáwó á ṣì wà nílẹ̀. Bí kọ́ńpìnnì bá jẹ gbèsè lọ́dún kejì, òun náà ni wọ́n máa wá.

Ó tún gbọ́dọ̀ kéde dúkìá àti gbèsè rẹ̀ kó tó jókòó nílé aṣòfin, àti nígbà tí sáà bá parí. Kó ka kòkó tó wà nílé ìkẹ́rù ní àpò-àpò, kó kọ owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ohun tí kò bá kọ báyìí ló máa dà bí owó ìjọba lọ́dún kẹrin.

Ìyá Ọjà Ọba:
Ẹ ṣeun, Alágbàká. Èmi rí i pé kàlẹ́ńdà ló ń pa wọ́n jù. Ọdún mẹ́rin kọ́ ni wọ́n ní. Ẹ wo àwọn tó wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 2019: ìṣúná ọdún náà ti ń lọ kí wọ́n tó dé. Ìṣúná 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kòrónà sì dé. Ìdìbò abẹ́lé fún 2023 wáyé láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún 2022. Ìṣúná méjì péré ló ti parí lójú wọn kí àwọn dẹ́lígéètì (aṣojú ẹgbẹ́ tó ń dìbò abẹ́lé) tó dá wọn lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fi ọdún kìíní kọ́ṣẹ́ ti pàdánù ìdajì.

Oníṣòwò tún máa ń rò pé òun á dá pàṣẹ, kó sì ṣẹ. Àwọn 26 ló wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin, aṣòfin 18 ló gbọ́dọ̀ dìbò kó tó di òfin. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ nínú ilé, àbádòfin rẹ̀ kì í kọjá kíkà kìíní.

Kó má sì fi ìrìn àjò òwò ṣeré. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún. Ẹni tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí lè pàdánù ipò.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ táwọn wọ́ọ̀dù ń béèrè?

Alágbàká:
Rárá o. Orí ìṣúná ló máa wà, iléeṣẹ́ ìjọba ló máa gbé e fún agbaṣẹ́ṣe, kọ́ńpìnnì tirẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tètè kọ ọ́ pẹ̀lú iye: wọ́ọ̀dù wo, àdúgbò wo, kànga mélòó, ta ni yóò máa ra dísẹ́lì sí jẹnẹrétọ̀. “Ẹ fún wa lómi” lásán kì í wọ ìṣúná.