Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: gángan mi ń dún àmọ́ kò sọ̀rọ̀, báwo ni kí n ṣe máa kọ́ ọ?

Gángan Ìkòròdú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó dá mi lóhùn torí ó ti ń ká mi lára. Mo ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ti kó lọ sí Àbújá, látìgbà yẹn YouTube ni mo fi ń kọ́ra mi. Tó bá jẹ́ ká gbé rídíìmù, ká máa bá dírọ́ọ̀mù àti kíbọ́ọ̀dù lọ, mi ò kẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n tiẹ̀ máa ń pè mí lọ sóde. Ibi tí wàhálà wà ni kí ìlù yẹn sọ̀rọ̀. Màá lu nǹkan, mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ á kàn máa wò mí ni. Lóde ìgbéyàwó kan báyìí, bàbá àgbàlagbà kan ní kí n ki òun, mo ki wọn títí, wọ́n wá bi mí pé "ọmọ mi, kí lò ń sọ?" Ó dùn mí gan-an.

Mo máa ń prátíìsì o, kì í ṣe pé mi ò ṣe. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè iṣẹ́ ò jẹ́, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Èkó, tí mo bá fi délé ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Sátidé ni mo máa ń fi gbogbo ẹ̀ ṣe, láti àárọ̀ títí apá á fi máa ro mí, màá lu gbogbo orin tá a fẹ́ lò ní Sọ́ńdè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá tún bẹ̀rẹ̀, màá tún lù ú dópin. Lándìlọ́ọ̀dù ti kìlọ̀ fún mi. Ṣé kí n fi kún wákàtí tí mò ń lò ni àbí bí mo ṣe ń ṣe é gan-an ni ò dáa? Àti pé ẹ má bínú, ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ àyàn, ìyẹn ọmọ ìdílé onílù, lè lu ìlù débi tí àwọn onílù fúnra wọn á pè é ní ọ̀gá?

Ìlù Ò Mọ̀ Rírọ̀:
Ká sọ òótọ́ fúnra wa, inú ẹ̀jẹ̀ ni ìlù wà. Ọmọ àyàn ti ń gbọ́ ìlù látinú oyún, kò sí bí ẹni tó fi YouTube kọ́ ọ ṣe fẹ́ bá a dọ́gba. Máa gbé rídíìmù ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ ẹ.

Màmá Ìbejì Òṣogbo:
Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé Ọba Adétóyèsè Láoyè tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 sí 1975 kì í ṣe ọba ni? Orí àpèrè ni wọ́n wà tí wọ́n fi ń lu dùndún, wọ́n lù ú débi pé àwọn tó ń kọ́ nípa ìlù Yorùbá ní yunifásítì ń lọ bá wọn kẹ́kọ̀ọ́, àwọn fúnra wọn náà sì kọ̀wé nípa ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó kọ́ ọ.

Ọmọ Àyàn Ìṣẹ́yìn:
Inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àyàn ni bàbá mi, àyàn ni bàbá tó bí wọn, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí tó ti mọ ìlù lù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n òkè yẹn ń pè ní ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ni. Ọmọ tó bá ti lè jókòó dáadáa, wọ́n á gbé gúdúgúdú tàbí omele, àwọn ìlù kéékèèké yẹn, síwájú ẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo lá máa lù, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn, àwọn àgbà á máa fi ìyáàlù, ìlù tó jẹ́ àgbà, sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń lù. Òun ò tíì sọ nǹkan kan o, àmọ́ gbogbo ohun tí ìyáàlù ń sọ ló ń wọ̀ ọ́ létí. Oríkì tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀ láàárọ̀ náà ló tún ń gbọ́ lára ìlù lálẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ìyáàlù kọ́ ọ léjìká, ọ̀rọ̀ ti kún inú ẹ̀ bámúbámú. Àbúrò, ìwọ gba ẹ̀yìn wọlé: ọwọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ni ò sí níbẹ̀.

Gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìlù ò ní ahọ́n, kò ní ètè, kò lè pe b kò lè pe k, kò mọ "a" yàtọ̀ sí "i". Ohùn nìkan ló ní, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àti bó ṣe ń yá àti bó ṣe ń falẹ̀. Tó o bá lu "igbá", ẹnì kan á gbọ́ "ọkọ́", ẹlòmíì á gbọ́ "ilé", kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́ nínú wọn torí ohùn kan náà ni. Ìdí tí àyàn kì í fi í já ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lásán nìyẹn. Gbólóhùn gígùn la máa ń lù, oríkì, òwe, ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ látilé, tó fi jẹ́ pé tó bá gbọ́ ìdajì ẹ̀ á ti mọ èyí tó kù. Lu "ọba" lásán kó o wò ó, kò sẹ́ni tó máa yíjú. Àmọ́ lu "kábíyèsí, aláṣẹ èkejì òrìṣà", ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé ọba lò ń kí. Ìwọ wá lọ ń to ọ̀rọ̀ tuntun látinú orí ara ẹ, tàbí kó o máa lu kọ́ọ̀rọ́ọ̀sì tí wọ́n fi òyìnbó kọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Bàbá ọjọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o béèrè ìdílé wọn kó o tó bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wọ́n, tó bá jẹ́ Ọ̀pómúléró ni, ohun tí etí wọn ń retí yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń retí oríkì orílẹ̀ ẹ̀, "Bàbá ẹ kú ọjọ́ òní, ẹ máa pẹ́ láyé" lo lù fún un.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Gbé ìlù sílẹ̀ ná. Mú oríkì ilé tìẹ, má mú púpọ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ti tó. Máa pè é lẹ́nu títí kò fi ní í yọ́ ẹ lẹ́nu mọ́, inú danfo tó ò ń wọ̀ lójoojúmọ́ yẹn dáa fún un, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ yẹn kò lè ṣòfò lásán. Lẹ́yìn náà pa ẹnu dé kó o máa kùn ún, ohùn nìkan, láìsí ọ̀rọ̀. Kùn ún sétí ìyàwó ẹ tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ oríkì yẹn, tó bá lè sọ ohun tó ò ń sọ, o lè gbé gángan nìyẹn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìlù ò lè bá ẹ tún un ṣe.

Tó o bá wá gbé e, abẹ́ abíyá ni kó o gbájú mọ́. Àwọn tó ń kọ́ra wọn, ọwọ́ tó mú kọ̀ǹgọ́ ni wọ́n ń kọ́, apá tó ń fún ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìlù ká, ló sì ń sọ̀rọ̀. Lù ú láì fún un, ìsàlẹ̀ nìyẹn. Fún un dáadáa, òkè nìyẹn. Méjì yìí ò le. Àárín ló le, torí kò síbi tí apá lè fẹ̀yìn tì, ó lè ga jù lónìí kó relẹ̀ jù lọ́la, ìwọ fúnra ẹ ni wà á wá ibi tó wà, tí wà á sì máa padà síbẹ̀ lọ́gán. Lu ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó o pè é lẹ́nu kó o tó lù ú. Kó o tún lu "ẹ káàbọ̀". "Káà" yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni wà á lù ú: fún ọsán, lù ú lókè, kó tó dákẹ́ kó o tú apá sílẹ̀ kí ohùn náà yọ̀ wá sísàlẹ̀. Yíyọ̀ yẹn ló máa ń jẹ́ kó jọ ẹnu èèyàn. Ẹni tó bá ń lu gbogbo ẹ̀ ní gígì gígì, bó ti wù kọ́wọ́ ẹ̀ yá tó, rídíìmù ló ń gbé, kò tíì sọ̀rọ̀.

Tíṣà Músíìkì:
Ọmọ Àyàn, ẹ ṣé o, ẹ ti gbẹ́nu lé ibi tó dùn mí jù. Kí n fi ti wákàtí kún un torí Gángan Ìkòròdú béèrè. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo kiri pé ẹni tó bá ti fi wákàtí 10,000 kọ́ nǹkan ló ń di ọ̀gá nídìí ẹ̀. Ibi tó ti wá ni ìwádìí tí Anders Ericsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 1993, wọ́n wo àwọn tó ń kọ́ fáyólíìnì ní ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Berlin, ní Jámánì. Àwọn tó dáa jù níbẹ̀, ká pín in dọ́gba, wọ́n ti lo nǹkan bíi wákàtí 10,000 nígbà tí wọ́n fi pé ọmọ ogún ọdún. Pínpín dọ́gba ni o, ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ò tíì débẹ̀, Ericsson fúnra ẹ̀ sì sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé kò sí idán kankan nínú nọ́ńbà yẹn. Ohun tó ká mi lára ni pé nọ́ńbà yẹn làwọn èèyàn gbé sá lọ, wọ́n fi ojúlówó ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù yẹn máa ń dá nìkan kọ́ṣẹ́, ibi tó le fún wọn ni wọ́n ń dojú kọ, ìjókòó kan kì í sábà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ kí wọ́n tó sinmi, wọ́n sì máa ń sùn dáadáa, títí kan oorun ọ̀sán.

Nísinsìnyí wo Sátidé tìẹ. Orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, léraléra. Ìdá púpọ̀ nínú orin yẹn lo ti mọ̀, òun lò ń lù jù, ibi kékeré tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu wà á kàn gba orí ẹ̀ kọjá fìrì, kódà àṣìṣe ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ẹ ń kọ́ sórí. Fi Sátidé sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́, kódà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sàn ju odindi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, torí ohun tó o kọ́ lónìí, tó o bá sùn lé e, ọpọlọ á tò ó dáadáa, tó o bá tún bá a lọ́la á ti rọ̀ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mú ibi tó le nìkan, dín ìyára ẹ̀ kù débi tó ò fi ní í ṣì í, kó o tó máa fi kún un. Tí apá bá ti ń ro ẹ́, dúró, apá tó ti rẹ̀ kì í fún ọsán bó ṣe yẹ, o kàn ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni.

Kó o sì máa fi fóònù rẹ́kọ́dù ara ẹ. Má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ o, jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, nígbà yẹn etí ẹ ò ní í máa bá ẹ gbèjà.

Ará Peckham:
Ó jọ mí lójú gan-an bí ọ̀rọ̀ ṣe bára wọn mu. Bàtá àwọn ará Kúbà ni mò ń kọ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlù mẹ́ta ni tiwọn, okónkolo ló kéré jù, itótele tẹ̀ lé e, iyá ni àgbà. Ọ̀gá wa ò jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fọwọ́ kan iyá rárá, okónkolo ni wà á lù títí tí kò fi ní í mì lọ́wọ́ ẹ mọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ohun tí Ọmọ Àyàn sọ nípa omele yẹn náà ni, wọ́n gbé e sọdá òkun, wọn ò sọ ọ́ nù.

Gángan Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa gbọ́ ti gbogbo yín. Ọmọ Àyàn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú, mo ti pe màmá mi lórí fóònù lálẹ́ àná pé kí wọ́n ki mi kí n rẹ́kọ́dù ẹ̀, wọ́n kì mí títí ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Mo ti ń pe ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ báyìí. Mo kùn ún fún ìyàwó mi, kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ nígbà tí mo kùn "ẹ káàbọ̀, ṣé dáadáa lẹ dé" ó mọ̀ ọ́n kíá, mo wá rí ohun tí ẹ ń sọ nípa ohun téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ku méjì tí mo fẹ́ béèrè. Ti lándìlọ́ọ̀dù, torí lójoojúmọ́ tí Tíṣà sọ yìí, alẹ́ ni mo máa ráyè. Ìkejì, ṣé mo ṣì nílò ọ̀gá tó máa wò mí lójú àbí kí n máa bá a bọ̀ báyìí?

Ìlù Ò Mọ̀ Rírọ̀:
Ibi tí mò ń wí nìyẹn. Àyàn wo ló máa jókòó kọ́ ẹ tí kì í bá ṣe ilé yín? Ọ̀rọ̀ ilé ni, wọn kì í sọ gbogbo ẹ̀ fún ará ìta.

Ọmọ Àyàn Ìṣẹ́yìn:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe irọ́ lẹ pa, àwọn nǹkan kan wà tí a kì í gbé síta, nǹkan Àyàn Àgalú asọ̀rọ̀ igi wà lọ́tọ̀. Àmọ́ ìlù òde, oríkì, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, ọ̀pọ̀ ilé ló ń kọ́ ará ìta, bàbá mi kọ́ wọn. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni ẹni tó kówó wá tó fẹ́ mọ̀ ọ́n láàárín wíkẹ́ńdì méjì.

Àbúrò, o nílò ọ̀gá o. Fídíò ò lè gbọ́ ẹ. Ẹni tó ń wo apá ẹ tó ní "rárá, ibẹ̀ ti ga jù", ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ ẹ̀ á ṣe ẹ́ lóore gan-an. Wá àwọn onídùndún tó máa ń jáde sóde níbẹ̀ yẹn, kí wọn dáadáa, sọ pé o fẹ́ bá wọn gbé omele tí wọ́n bá ń lọ sóde. Má sọ pé o mọ gángan lù. Bá wọn jáde bíi mélòó kan, máa gbé omele ẹ, máa gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń sọ sí ẹni tó ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń mọ ìdílé èèyàn kí wọ́n tó ki í. Tẹ́ ẹ bá délé kó o bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ fún ìyá tó wọ lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé yẹn. Wọ́n máa sọ fún ẹ, inú onílù máa ń dùn tí wọ́n bá bi í.

Ní ti alẹ́, tẹ́ aṣọ rírọ̀ sójú awọ, kó o fi ìka lù ú dípò kọ̀ǹgọ́, ohùn ẹ̀ á relẹ̀ àmọ́ wà á ṣì gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, apá ló sì yẹ kó o máa kọ́ lásìkò yìí. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò tí awọ bá dẹ̀, sá a sóòrùn díẹ̀ kó o tó lò ó, má sún un mọ́ iná. Tó o bá ti rí àwọn onídùndún yẹn, padà wá sọ fún wa irú omele tí wọ́n gbé fún ẹ, ká lè sọ ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ tẹ́tí sí.